Ègún Tí A Kò Gé Lórí Sàréè Ògúnkúnlé, Ẹlẹ́wé Òkè Àṣá

Bàbá Bùnmi, òní ló pé ọdún márùn-ún tí wọ́n fi pákó àti irin pa yín sí ẹnu ọ̀nà ilé ara yín. Àwọn mìíràn máa ń sọ pé èèyàn wọn sùn, pé ó papòdà, pé ó rèwàlẹ̀ àsà. Àwa ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò sùn. Wọ́n pa yín ni, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo àdúgbò, a sì gbọ́ ìró rẹ̀.

Ilé tí ẹ fi sílẹ̀ láìrẹ́ ti parí. A rẹ́ ẹ nínú, a rẹ́ ẹ lóde, a kan fèrèsé sí yàrá iwájú. A fọ ẹ̀jẹ̀ yín kúrò lára ògiri lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀dà tó lè gbà á. Oko ẹ̀gẹ́ ọ̀nà Olúpọ̀nnà ṣì wà lọ́wọ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé màlúù jẹ apá kan rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Àbúrò yín Ọ̀ṣúnkẹ́mi ṣì ń bá gbogbo ayé jà. Orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu ò tíì máa dùn ún.

Olúwabùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Bùnmi bí fún yín kó tó ṣáájú yín lọ, ti kàwé dé ibi tí àwa ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dìde fún un tó bá wọlé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn yín ò mọ iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ sí wọn létí níwájú yín. Ewé kan ṣoṣo lẹ fi gbajúmọ̀ ní gbogbo Ìwó, òun ni ìrù-àṣá, ewé ibà. Ó ń hù láti ẹsẹ̀ Òkè Àṣá títí dé góńgó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í rí bákan náà. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tí omi sì ń ṣàn sí, ó máa ń ga ju èèyàn lọ, ewé rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán. Bí a bá gòkè dé ìbàdí, ewé ọ̀hún á ti kéré, á sì ti nípọn. Nígbà tí a ó bá fi dé orí, lórí àpáta níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá èèyàn létí, igi náà ò ní ju orúnkún lọ mọ́. Á dọ̀bálẹ̀ mọ́ òkúta, ewé rẹ̀ ò ní tó èékánná àtàǹpàkò, á le bí awọ, á sì hurun funfun lódindi. Ìgbà tí òdòdó ìsàlẹ̀ bá ti rẹ̀ dànù tán ni tòkè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná. Ẹ máa ń sọ pé ìyà ló sọ ọ́ di kékeré, pé ìyà náà ló sì kọ́ ọ ní ìkorò. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni èèyàn ń bù nínú ti ìsàlẹ̀ tó bá fẹ́ sè é mu. Ti orí òkè, ìwọ̀n tí orí ìka mẹ́ta lè bù ni, ẹni tó bá sì bù jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó ti dágbére fún ará ilé.

Kò sí ẹni tó máa rí ewé méjèèjì ní tútù tó máa ṣì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń sá wọn gbẹ ni, ẹ ó gún wọn lódó, ẹ ó sì dì wọ́n sínú ewé gbòdògì. Tí wọ́n bá ti di lẹ́búlẹ́bú, ojú ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń so kókó. Kókó kan lórí okùn ti ìsàlẹ̀, méjì lórí ti ìbàdí, mẹ́ta lórí ti orí òkè. Ọgbọ̀n ọdún làwọn obìnrin tó ń tajà ewé fi kókó ọwọ́ yín tajà. Wọn kì í bi yín ní ìbéèrè, wọn kì í tọ́ ọ wò. Kókó ni wọ́n ń kà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n pa yín, Bùnmi wálé láti ilé ìwé. Ọdún kẹta ló wà nígbà náà. Olùkọ́ wọn ní kí kálukú wá nǹkan kan tí wọ́n ń ṣe nílé, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ti lọ sóko. Ọmọ náà tú ìdì mẹ́sàn-án, ó bu díẹ̀díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, ó sì ń dì wọ́n padà. Okùn ìko kan já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fa òwú ìdirun dúdú yọ nínú báàgì rẹ̀, ó fi rọ́pò. Ó rò pé òun rántí èyí tí òun tú níbi gbogbo. Kò rántí. Ó so kókó kan ṣoṣo sí ìdì orí òkè. Nígbà tí ẹ dé, ẹ kó ẹrù fún oníbàárà yín Ràhámọ̀tù bí ẹ ti í ṣe, láì tún un wò, nítorí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹrù yín.

Fọládé, ìyàwó Adégòkè ọlọ́kadà, ló ra ìdì yẹn lọ́wọ́ Ràhámọ̀tù ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ibà ń ṣe é. Ràhámọ̀tù ka kókó, ó rí ẹyọ kan, ó ní kó bu ẹ̀kúnwọ́. Kí wọ́n tó kírun Jímọ̀ọ̀ tán, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ Fọládé ti ń já fìtìfìtì, ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ nímú rẹ̀. Inú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e lọ sí ọsibítù ló kú sí, lórí itan ọkọ rẹ̀.

Adégòkè ò sunkún. Ó gbé òkú náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì gba ọjà lọ. Àwọn ọlọ́kadà ìdíkọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e, ẹni tó ní irin mú irin, ẹni tó fa pákó yọ lára ìsọ̀ mú pákó. Wọ́n fẹsẹ̀ fọ́ ọjà Ràhámọ̀tù túútúú. Ọ̀kan gbá a ní irin lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún, egungun náà ró pá. Ó ké pé kókó Ògúnkúnlé lòun tà. Wọ́n fi ọwọ́ tó kán yẹn gan-an wọ́ ọ wá sílé yín.

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé ni, ẹ ń fọ ẹsẹ̀. Bùnmi wà lẹ́yìn yín nínú ilẹ̀kùn. Adégòkè ju ìyókù ìdì náà lù yín láyà, ó ní, “Ta ló di èyí?” Ẹ mú un, ẹ fi ahọ́n kàn án. Ẹ rí kókó kan. Ẹ rí òwú ìdirun, nínú ilé tí kò ti sí obìnrin mìíràn ju ọmọ yín lọ. Òun náà ti rí òwú ọ̀hún, orí rẹ̀ sì wá sílẹ̀, kò lè gbé e sókè mọ́. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ẹ ò jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ ní, “Èmi ni mo dì í. Kò sí ẹlòmíì tó ń fọwọ́ kan ẹrù mi nínú ilé yìí.”

Pákó àkọ́kọ́ bà yín létí. Ẹ ò ṣubú. Ẹ ti ọmọ yín sínú ilé, ẹ fa ilẹ̀kùn dé, ẹ sì fẹ̀yìn tì í. Irin já èjìká yín. Òkúta fọ́ eyín yín. Gbogbo igi tí wọ́n là mọ́ yín ni ilẹ̀kùn ọ̀hún ń dáhùn, ọmọ yín sì wà lódì kejì tó fi àyà tì í. Ó ń kà á. Ó ní mọ́kànlélógún lòun kà kí ẹ̀yìn yín tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọn ò dúró, òun ló ṣíwọ́ kíkà.

Àwọn ọlọ́pàá mú Adégòkè. Kò sí ẹni tó lọ jẹ́rìí, ó sì padà wálé. Èyí tó kù, ọwọ́ àwa ló ti wá.

Àwa ò gbà pé ọwọ́ yín ṣì í. Ọgbọ̀n ọdún, Bàbá Bùnmi! Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní Ràhámọ̀tù ló tú ìdì, pé ó da méjì pọ̀ kí ọjà lè pọ̀ lójú, pé ẹnu rẹ̀ ló sì fa àwọn apànìyàn wá. A gbà á gbọ́, torí pé ó dùn mọ́ wa láti gbà á gbọ́. Ọjọ́ kẹjọ tí a sin yín, obìnrin méje jáde nínú agbolé yìí lọ bá a. A fa aṣọ ya mọ́ ọn lára. A da omi gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú igi tí wọ́n fi dì í, Ọ̀ṣúnkẹ́mi sì mú ọwọ́ náà, ó fà á. Ẹ gbọ́ ohun tí a ń sọ fún yín o. Ọwọ́ tó ti kán ló fà. Títí dòní, ọwọ́ náà ò nà mọ́. Ràhámọ̀tù kó kúrò ní Ìwó, ó lọ ń fi ọwọ́ òsì gún kúlíkúlí tà ní Ilé-Ogbó, láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Bùnmi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wò wá. Kò sọ nǹkan kan.

Láti ìgbà yẹn ló ti ń gun òkè. Sátidé tó bá ti mọ́, ó ti mú tépù, ó mú òṣùwọ̀n kékeré, ó mú ìwé, ó di Òkè Àṣá. Gbogbo àádọ́ta ìṣísẹ̀ ló ń dúró, á já ogún ewé, á wọn gígùn wọn, á wọn ìbú wọn, á wọn bí wọ́n ṣe nípọn tó, á fi awò wo irun ara wọn. Ó jábọ́ lórí àpáta nígbà kan, egungun ìhà rẹ̀ méjì sán, oṣù méjì péré ló fi sinmi. Àwa ń yangàn lọ́jà pé ọmọ Ògúnkúnlé ń jogún bàbá rẹ̀. Irọ́ ni. Ọmọ yín ń wá ibi tí òun máa sá gbà ni.

Ó sọ ọ́ fún wa báyìí. Ó ní bí òun bá lè rí i pé agbára ewé orí òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, pé kó kàn kéré kó sì hurun ni gbogbo ìyàtọ̀ náà, á jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló pa Fọládé. Ọwọ́ òun á mọ́. Ikú yín ò ní jẹ́ ti òun. Ohun tó ń lé lórí òkè nìyẹn fún odidi ọdún márùn-ún. Àmọ́ bó ṣe ń gòkè ni ìwé ọwọ́ rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Ewé ń kéré sí i, ó ń nípọn sí i, oró inú rẹ̀ ń le sí i, láìyẹsẹ̀ níbì kankan.

Ó ṣì jàǹpata. Ó ní bóyá òùngbẹ àti afẹ́fẹ́ ló kàn ń fi ìyà jẹ ẹ́ lókè, pé bí a bá gbé e wá síbi tí ilẹ̀ ti dára, á tutù bí ti ìsàlẹ̀. Ó gbin irúgbìn orí òkè sí ẹ̀yìnkùlé wa níbí, ó ń bomi rin ín bí ẹni ń tọ́ ọmọ. Igi náà ga lóòótọ́, ewé rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Irun ò kúrò lára rẹ̀. Ewúrẹ́ Ọ̀ṣúnkẹ́mi já okùn, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu mẹ́ta, ó sì kú kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ọ̀ṣúnkẹ́mi fi igi lé Bùnmi yíká agbolé nítorí ewúrẹ́ yẹn. Kò mọ̀ pé kì í ṣe igi ni ọmọ náà ń sá fún.

Níkẹyìn, yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ wọn gbé ìdáhùn jáde. Oró inú ewé orí òkè jẹ́ ìlọ́po méje ti ìsàlẹ̀. Wọ́n fún un ní oyè lé e lórí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, ó fi ipá rẹ́rìn-ín sí wọn, ó sì lọ bì lẹ́yìn ilé. Ó ní ohun tó ń jẹ òun jù lọ kì í ṣe igi mọ́kànlélógún. Ó ní òun ò rí ojú yín. Òun ò mọ̀ bóyá ìbínú òun lẹ bá lọ.

Ẹ mọ ohun tí a máa ń ṣe lórí sàréè yín lọ́dọọdún. Tí àdúrà bá parí, a ó dúró yí yín ká, ẹnì kan á sì gé Ràhámọ̀tù ní ègún, àwa yòókù á ṣe àṣẹ. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló máa ń ṣáájú. Ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí a péjọ láti ṣètò ti ọdún yìí, ó ní ohùn òun ti ń há, pé Bùnmi ti dàgbà, kó máa ṣáájú. Ó ní kò sí ẹni tó yẹ kó ṣépè fún ẹni tó pa bàbá ju ọmọ bàbá lọ.

Bùnmi dìde, ó tún jókòó. Ó ní, “Àǹtí, tí a bá máa gé ègún náà, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ fi sí i.” Ó wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀ṣúnkẹ́mi gbá a létí ọ̀tún, ó gbá a létí òsì. Ó gbá a lulẹ̀, ó gun orí rẹ̀, ó di irun rẹ̀ mú, ọkùnrin mẹ́ta ló fà á kúrò. Nígbà tí wọ́n fà á kúrò tán, ó yíjú sí ara rẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń là á mọ́ ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó ń pariwo pé ọwọ́ yìí ni, ọwọ́ yìí lòun fi fa ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìka rẹ̀ méjì ló bó. A ò tíì rí i kó sunkún rí láti ìgbà tí a ti mọ̀ ọ́n, àfi ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ Ajé, a lọ sí Ilé-Ogbó. Àárọ̀ ni. Ràhámọ̀tù ń gún kúlíkúlí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká mọ́ àyà bí ọwọ́ ẹni tó gbé ọmọ. Ó rí Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ó gbé ọmọ odó dání. Bùnmi kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, èmi ni mo tú ẹrù bàbá mi. Èmi ni mo so kókó yẹn. Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe bàbá mi.”

Ràhámọ̀tù fi ọwọ́ òsì gbé ọmọ odó náà sókè, ó sì là á mọ́ ọn léjìká. Bùnmi ṣubú, ó tún kúnlẹ̀. Ó tún là á. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó yà wọ́n. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì sọ ọmọ odó náà nù sẹ́yìn ara rẹ̀.

Ó ní, “Ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń wo ọ̀nà, mo ní ọmọ yìí á wá.”

Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní, “Ṣé ẹ mọ̀ ni?”

“Mo mọ̀. Ilẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ ni wọ́n jù mí sí, ojú bàbá náà ni mo ń wò.”

“Ẹ wá gbà kí a ṣe yín bí a ṣe ṣe yín yẹn?”

Ràhámọ̀tù ní, “Ẹnu mi ni mo fi mú wọn lọ bá bàbá. Ṣé kí n tún fi mú wọn lọ bá ọmọ? Ẹ̀mí kan ti tó mi lọ́rùn.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ rere gbé àgbọ̀n Bùnmi sókè. Ó ní, “Orí rẹ wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, o ò lè rí i. Kí bàbá rẹ tó sọ pé òun ló dì í, ó bojú wẹ̀yìn, ó wò ọ́. Kò bínú. Ó wò ọ́ bí èèyàn ti ń wo ọmọ tó ń sùn, pé bóyá aṣọ bò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí wọn.”

Bàbá Bùnmi, igbe tí ọmọ yín ké níbẹ̀, gbogbo àdúgbò ló jáde. Ọdún márùn-ún ló fi gbé e mì. Ọ̀ṣúnkẹ́mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin níwájú Ràhámọ̀tù, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀. Ràhámọ̀tù ò tíì dárí jì wá. Ó sọ ọ́ lójú wa pé òun ò tíì rí i ṣe, a ò sì bínú sí i.

Ṣùgbọ́n ó wà níbí lónìí, lórí sàréè yín, ó dúró láàárín Bùnmi àti Ọ̀ṣúnkẹ́mi. A ò ní gé ègún kankan. Tí a bá kúrò níbí, ilé Adégòkè ni a ń lọ, torí pé òun náà sin ìyàwó, kò sì mọ ohun tó pa á. Ọkùnrin náà pa yín, ó sì lè pa ọmọ yín. Síbẹ̀, Bùnmi ní òun máa lọ. Ràhámọ̀tù ní òun máa bá a wọlé. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ní ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan Bùnmi, ara òun ló máa kọ́kọ́ là kọjá. Gbogbo wa la ń lọ, ọkùnrin, obìnrin, mẹ́tàdínlógún.

Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tiyín. Gbogbo wa wà nínú ilé kálukú wa, a ti ilẹ̀kùn mọ́rí, a ń gbọ́. Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ tiwa, a ò sì rí ẹni mìíràn di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹ má bínú sí wa. Ọmọ yín ò ní dá dúró.

À ń wá yín níwájú oúnjẹ, à ń wá yín lóko, à ń wá yín nígbà òjò àti nígbà ọyẹ́. A fẹ́ràn yín, Bàbá Bùnmi. Ó ń dùn wá gan-an ni.